Ẹ Bá Mi Bi Omi

Láti oṣù Ẹrẹ́nà ni ìrora ti lóṣòó
sí ẹ̀yìn Màmá Rúùtù Fámúrewá ará Ìtagunmọ́di,
bí òṣómàáló, ó ní òun ò ní dìde
àyàfi bí òun bá gbowó òun.
Gbèsè wo? Garawa omi kan péré ni màmá gbé.
Ó dún kà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀ka kòkó gbígbẹ,
láti ọjọ́ náà
ni ìró tó ń mọ lọ́rùn ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbálẹ̀.

Fọ́tò tí wọ́n yà ní Iléṣà ti sọ tirẹ̀:
egungun kan ti wó nínú ọ̀pá ẹ̀yìn,
bí ilé alámọ̀ tí òjò mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Fọ́tò ò sọ ẹni tó wó o.
Ṣé ọjọ́ orí ni, tó ń jẹ ilé láti inú bí ikán,
àbí kókó inú ọmú tí wọ́n gé lọ́dún méje sẹ́yìn
ló rán ọmọ wá gba yàrá?

Wọ́n gba Òṣú wá bá wa ní Ifẹ̀.
Màmá ní òun ka kòtò mẹ́tàdínlógójì,
òun sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìjọba.

Mo ní kó tú píìnì orí gèlè, kó bọ́ yẹtí,
pé òòfà wa kì í bá irin ṣeré.
Ó rẹ́rìn-ín. "Wúrà nìyí, ọmọ mi.
Ọwọ́ mi ni mo fi fọ̀ ọ́ jáde nínú yanrìn odò wa.
Òòfà wo ló ń fa wúrà?"
Òótọ́ ló sọ.
Mo ṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ ò yanjú ẹjọ́.
Egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ a wú, a mumi, a dúdú.
Èyí tí jẹjẹrẹ wọ̀, dúdú lòun náà.
Ta ni yóò fi òru mọ òru?

Nígbà náà la máa ń bi omi.
Nínú egungun tó kàn ṣẹ́, àyè ṣì wà,
omi a máa rìn gbẹ̀fẹ́
bí ọmọ tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀.
Níbi tí sẹ́ẹ̀lì burúkú bá ti rọ́ mọ́ra
bí èrò ìsìn òru ọdún tuntun nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré,
omi a há, kò ní rí èjìká yí.
Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún màmá, ó dá mi lẹ́nu kọ́:
"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ti omi?
Yanrìn a jẹ́ kó kọjá. Amọ̀ ló ń dá a dúró."

Ẹ̀rọ ń lu gbà-gbà-gbà, bí ẹni ń kan àjà mọ́ni lórí.
Iná lọ lágbàáyé ìta, jẹnẹrétọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀.
Èmi nìkan, ife tíì tútù kan,
àti egungun kejìlá tó jáde lójú ẹ̀rọ,
tó ń tàn.

Àyà mi là gààrà.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn a máa purọ́:
omi tó pọ̀ lójú kan a máa tàn bí omi tó há.
Mo ṣí àwòrán kejì, èyí tó ń ṣírò ìrìn.
Mo fi ọfà sórí egungun náà, mo ka iye rẹ̀,
mo tún un kà nítorí ojú mi ò gbà mí gbọ́.
Ó ń rìn.
Omi ń rìn, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà.

N ò kọ ọ́ pé ewu ti lọ.
Iye kan wà tí rere àti ibi jọ ń pín bí ààlà oko,
mo ti rí ẹni tí ó ṣì lọ́nà níbẹ̀.
Mo kọ ọ́ pé: ó jọ ti ọjọ́ orí;
ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Màmá gba yẹtí rẹ̀, ó ń wá ihò etí.
"Omi náà sọ̀rọ̀?"
Mo ní ó sọ̀rọ̀, màmá. Ó sọ ire.
Ó rọra dìde, ọwọ́ kan lẹ́yìn,
"Ó ṣeun. Kí ló wá dé
tí òṣómàáló yìí ò tíì dìde?"